Ẹ wo ibi tí kókó ọ̀já rẹ̀ wà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá geisha, ìyẹn obìnrin tó ń fi orin àti ijó dá àlejò lára yá, ni obìnrin inú àwòrán Japan àtijọ́ tẹ́ ẹ rà, àti ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbé e kọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀já rẹ̀. Bí kókó ńlá bá wà níwájú, kì í ṣe geisha. Geisha ń so tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé oiran ni, aṣẹ́wó onípò gíga ní Yoshiwara, àdúgbò tí ìjọba yọ̀ǹda fún iṣẹ́ náà nílùú Edo tó di Tokyo lónìí.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi pe tèmi ní geisha, torí ohun tí ẹni tó tà á fún mi pè é nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké méjì tó dúró tì í ló là mí lójú. Mo ti rò pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Kamuro ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ oiran, òbí wọn ló sì gba owó tó fi wọ́n sílẹ̀ fún ilé aṣẹ́wó. Wọ́n fi wọ́n sọfà ni ká kúkú wí. Ọdún 10 ni àdéhùn sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè kì í tán bọ̀rọ̀, nítorí oiran fúnra rẹ̀ ló ń ra aṣọ ara rẹ̀, tó tún ń bọ́ àwọn ọmọ náà, tó ń wọṣọ fún wọn. Aṣọ tó ń dán yẹn gan-an ni gbèsè ọ̀hún! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ojú tí mo fi ń wo àwòrán náà ti yí padà.

Isoda Koryusai, ayàwòrán ará Japan, ya irú rẹ̀ tó lé ní 100 láti nǹkan bí ọdún 1776, kí àrà aṣọ tuntun lè tà. Nítorí náà, ẹ má wá ojú ẹnì kan pàtó níbẹ̀. Ojú wọn jọra. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i lẹ fi ń mọ ẹni tó jẹ́.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa gbé e kọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣe kọjú sí fèrèsé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, àwọ̀ àlùkò aṣọ rẹ̀ sì ṣá di àwọ̀ omi tíì. Inú òdòdó ni wọ́n ti ń fa aró yẹn nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ sì tètè ń jẹ ẹ́. Kò ṣeé tún ṣe.

Bẹ́ ẹ bá máa ra òmíràn, ẹ wá àtúntẹ̀ ọ̀wọ́ tí Utamaro, ayàwòrán Japan mìíràn, fi ya wákàtí 12 tí wọ́n pín ọjọ́ kan sí nígbà náà, bó ṣe rí ní Yoshiwara, ní nǹkan bí 1794. Wákàtí Màlúù, nǹkan bí aago méjì òru, ni mo fẹ́ràn jù: obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, iná wà lọ́wọ́ kan, bébà wà lọ́wọ́ kejì, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà, oorun ṣì ń kùn ún. Òun ni mo gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, níbi tí oòrùn kì í dé.