Lílì pupa tó ń yọ ewé ṣáá

Aunty tó ní lílì pupa yín ti ń yọ ewé rẹpẹtẹ fún ọdún méjì lábẹ́ máńgòrò láìtanná, tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ hú u dànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì hú nǹkan kan. Mo ti jìyà ẹ̀ rí, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí.

Amaryllis làwọn tó ń tà á ń pè é, àmọ́ Hippeastrum lorúkọ ẹ̀ gan-an, South America ló ti wá. Lọ́dún 2019 mo ra méjìlá, torí mo fẹ́ kó pọ́n yòò lẹ́nu géètì kó tó di Ojúde Ọba. Bàbá kan tó gbé káàdì kọ́rùn, tó ní òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn lòun, ní kí n rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu, kí n máa bomi sí i láàárọ̀ lálẹ́, kí n tún da ìgbẹ́ adìyẹ tó ṣì ń gbóná lé e. Mo ṣe é o! Òjò oṣù kẹfà bá dé, ilẹ̀ ilé mi kì í sì í tètè fa omi. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo tún bomi sí i. Ọjọ́ tí mo tẹ ọ̀kan wò, ìka mi wọlé ṣọ̀ọ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ìbẹ́pẹ tó ti jẹrà, omi dúdú ń jáde, òórùn ẹ̀, ẹ jẹ́ n dákẹ́. Mẹ́sàn-án ló lọ. Mo pe bàbá oníkáàdì, ó ní ọwọ́ mi ni ò dáa fún ọ̀gbìn!

Mẹ́ta tó kù, mo gé ibi tó jẹrà kúrò, mo sá a síbi afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, mo wá gbìn ín sínú yanrìn àti ilẹ̀dú, orí ẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà yọ síta díẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ dáwọ́ omi dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ewé á kú, ẹ má bẹ̀rù. Tẹ́ ẹ bá tún bomi, igi òdòdó lè ṣáájú ewé yọ. Tó bá ti tanná tán, ẹ má gé ewé o, ewé ló ń bọ́ ọ.

Orí ẹ̀ tí mo ní ó dà bí àlùbọ́sà yẹn, májèlé ni! Ọmọ ọ̀dọ̀ mi ti fẹ́ rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ rí, torí mo sá a sójú wíńdò kíṣìnnì. Ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé, sí ajá náà.

Háà, abẹ́ máńgòrò lẹ sọ! Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ jàre, ibòòji yẹn ni ò jẹ́ kó tanná.