Ẹ má tíì gé waya kankan nínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ tú

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ rí ọkọ̀ kan tí nǹkan gbá látẹ̀yìn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ ra odindi rẹ̀ kí ẹ tú u, àbí kí ẹ kúkú ra ẹ́ńjìnnì lásán kí ẹ gbé e sínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ ń tún ṣe nílé. Ẹ tún bèèrè ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ. Ní tèmi o, odindi ọkọ̀ ni kí ẹ rà, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lásán lọ. Mo ti ṣe é lọ́nà méjèèjì. Èyí tó dá wá láìsí ọkọ̀ ló jẹ mí lówó jù, torí pé lónìí ẹ ń wá brain box (kọ̀mpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì), lọ́la ẹ ń wá pẹ́dà, lọ́tùúnla irin kékeré kan tó di kọ̀mpúrẹ́sọ̀ éésì mú, tí kò sì sí ẹni tó ń tà á lọ́tọ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ? Ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Ọkọ̀ tó ṣì ń tan ni ẹ̀rí tó dáa jù tí ẹ máa rí nípa ẹ́ńjìnnì yẹn. Tí ẹ bá ti tú u, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ẹ tan án lẹ́yìn tó bá ti sùn mọ́jú, tó tutù pátápátá, torí ẹ́ńjìnnì tí ẹni tó ń tà á ti mú gbóná kí ẹ tó dé mọ àṣírí pa mọ́. Ẹ wo èéfín rẹ̀. Tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Tó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi rédíétọ̀ ló ń wọlé síbi tí kò yẹ. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì, kí ẹ fi géèjì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tó bá wà lórí géèjì kì í ká mi lára tó ìyàtọ̀ tó wà láàárín sìlíńdà kan sí èkejì. Tí ìyàtọ̀ yẹn bá ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ, ẹ wádìí ìdí rẹ̀, tàbí kí ẹ dín owó tí ẹ fẹ́ san kù.

Ẹ fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù inú brain box, wò ó pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996, àti oníbẹntiróòlù tuntun tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù láti 2001, ló yẹ kó ní ihò OBD tí wọ́n ń ki sikánà bọ̀, nítorí náà kò sí àwáwí. Ẹ ya fọ́tò gbogbo kóòdù àléébù tó bá gbé jáde. Àléébù tó ti wà lára ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ mọ̀ ọ́n báyìí, kí ẹ má baà máa wá a káàkiri inú waya tí ẹ̀yin fúnra yín tò. Kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásíì bá ìwé mu pẹ̀lú, torí ẹ máa nílò ìwé yẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ ẹ́ńjìnnì tuntun sórí ìwé ọkọ̀ yín.

Kọ́kọ́rọ́ ló kàn, ibẹ̀ ni ojú ti máa ń pọ́n ènìyàn. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òde òní. Òrùka ike kan tó yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká ló ń kà á, á sì rán iṣẹ́ sí brain box. Tí brain box kò bá mọ ṣíìpù náà, kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lọ. Fún ìdí èyí, bí ẹ bá ń yọ brain box, ẹ yọ ọ́ tòun ti kọ́kọ́rọ́, ihò kọ́kọ́rọ́, òrùka yẹn, àti àpótí kékeré yòówù tó bá wà láàárín wọn. Nínú àwọn Volkswagen kan, inú kílọ́ọ̀kì dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí ẹ ti ń wo eré tí ọkọ̀ ń sá, ni àṣẹ yẹn wà. Mo mọ ẹnì kan tó to ọkọ̀ rẹ̀ tán tó dùn ún wò: á tan án, ẹ́ńjìnnì á gbà, kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ó ti kú. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ẹ́ńjìnnì ò yéé kú. Kílọ́ọ̀kì tó ti jù nù pẹ̀lú dáṣíbọ́ọ̀dù ló nílò. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tó lè wọ inú brain box kí wọ́n pa ètò yẹn, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ máa sanwó fún ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín?

Waya wá ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ gbé ohunkóhun tó ń gé nǹkan jìnnà sí ara yín. Kò sí waya ẹ́ńjìnnì kan tí kì í parí sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí bóòtù, kò sì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í tú bí ẹ bá ní sùúrù. Ike tó ti wà nídìí ooru fún ọdún pípẹ́ máa ń gan, ó sì máa ń kán bí èèyàn bá fà á tagbáratagbára. Ẹ kọ́kọ́ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọlé díẹ̀ kí ìkọ́ rẹ̀ lè dẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ètè rẹ̀, kí ẹ wá fà á jáde. Ara ike ni kí ẹ dì mú. Ẹ má fa waya. Kí ẹ tó lọ sí òmíràn, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn, kí ẹ kọ orúkọ ohun tó ti jáde sí i, kí ẹ sì lẹ òmíràn mọ́ ara ohun náà, torí ẹ máa bá sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó jọra bí ìbejì pàdé, ẹ ò sì ní rántí èyí tó jẹ́ ti ọ̀tún. Tàdáwà máa ń parẹ́ tí ọ́ìlì bá kàn án, ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó lórí. Fọ́tò méjì ni mo máa ń yà níbì kọ̀ọ̀kan: èyí tó jìnnà tó ń fi ọ̀nà tí ìdì waya gbà hàn, àti èyí tó súnmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bí ìdì waya náà bá gba inú irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá, láti inú ọkọ̀ ni ẹ máa ti tú u, kí ẹ sì ti rọ́bà rẹ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ yọ àpótí fíúsì tó wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú gbogbo rílè (àwọn súwíìṣì kékeré tí iná mànàmáná ń tan) tó wà nínú rẹ̀. Tó bá di dandan kí ẹ gé ìdì waya tó ń lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má gé e létí àpótí. Ẹ lọ gé e nítòsí àga ẹ̀yìn. Waya tó gùn kò ní àbùkù. Èyí tó kúrú ni ẹ máa fi ọ̀pọ̀ òru so. Waya ẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara irin ọkọ̀, ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ìdajì wàhálà tí kò ní orúkọ, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Ẹ ka iye wọn, kí ẹ sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀.

Pẹ́dà tí ẹ fi ń mú ọkọ̀ sáré ńkọ́? Tí kò bá ní okùn, tó jẹ́ pé waya ló ń bá throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mú un. Pọ́ǹpù epo àti rílè tàbí àpótí tó ń darí rẹ̀, ẹ mú un. Brain box ABS, ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ẹ pa á mọ́ títí ẹ fi máa mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni brain box ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ́ eré tí ọkọ̀ ń sá. Kí ẹ sì ra àwòrán waya ọkọ̀ yẹn gan-an, ti ọdún rẹ̀ àti irú jíà rẹ̀, torí ti ọtọmátíìkì àti ti oníkílọ́ọ̀ṣì kì í jọra.

Ọ̀rọ̀ ewu, mi ò ní fà á gùn. Ẹ tú orí bátìrì, ti nẹ́gétíìfù ṣáájú, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kí ẹ tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè ti airbag, àpò tó ń bú jáde bí ọkọ̀ bá forí gbá. Ẹ gbé airbag tí ẹ bá yọ sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ máa wòkè. Gáàsì éésì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ wá fà á. Òfin kò gbà kí wọ́n tú u sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, yàtọ̀ sí pé R134a, gáàsì éésì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, máa ń hó ní -26°C, tó bá fọ́n sí ènìyàn lójú, kì í ṣe eré. Kí ẹ tó tú bátìrì yẹn rárá, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo kí ẹ́ńjìnnì jó epo inú páìpù tán, kó kú fúnra rẹ̀. Èyí tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà tààrà lè ní agbára ìfúnpọ̀ tó ju 100 bar lọ nínú páìpù rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Kí ẹ tó tú síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun tó gbé e dúró sára ọkọ̀, ẹ mú téèpù. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ga sí, bí ó ṣe jìnnà sí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, àti bí ó ṣe dagun sí. Ìwọ̀n yìí lẹ máa fi jó síìtì tuntun sínú ọkọ̀ yín, kò sì sí ibòmíràn tí ẹ ti lè rí i mọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀.

Gbígbé e jáde ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ara ọkọ̀ náà kò wúlò fún yín, kí lẹ wá ń ṣọ́ra fún? Ẹ tú bọ́ńpà, rédíétọ̀ àti irin tó gbé e dúró kúrò, kí ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ fa ẹ́ńjìnnì jáde láti iwájú pẹ̀lú jíà lára rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára apá kíréènì: èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù 2 lè má gbé ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ tí ẹ bá na apá rẹ̀ dé òpin. Tó bá jẹ́ ọtọmátíìkì, tí ẹ sì ní láti ya jíà sọ́tọ̀, ẹ rí i pé torque converter, ohun róbótó tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún jíà, jókòó sínú jíà ni, kò gbọ́dọ̀ kù sára ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ máa yí i, kí ẹ máa tì í, ẹ ó gbọ́ “kọ́”, ẹ ó tún gbọ́ òmíràn bí ó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fi bóòtù fà á pọ̀ láìjẹ́ pé ó wọlé dópin, pọ́ǹpù inú jíà máa fọ́.

Bóòtù ńkọ́? Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n kó wọn sínú ọ̀rá. Èmi máa ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò tó ti jáde, kí n fi ọwọ́ lásán yí i. Bóòtù tó wà nínú ihò rẹ̀ kì í sọnù, gígùn rẹ̀ kì í sì í ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ ní wọ́n ń yọ yín lẹ́nu nílé pé kí ẹ tètè kó pàǹtí ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Mo gbọ́, àmọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ máa padà sídìí rẹ̀ fún ohun tí ẹ ò tilẹ̀ ronú kàn báyìí, họ́ọ̀sì kan, ìkọ́ ike kan, ẹsẹ̀ irin kan. Ẹ fi nǹkan bò ó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà bá ti jí nínú ọkọ̀ yín, tó gbóná débi tó yẹ, tí fáànù tan fúnra rẹ̀ tó sì tún kú fúnra rẹ̀, tí sikánà kò sì rí kóòdù kankan lẹ́yìn tí ẹ ti gùn ún dáadáa, kí ẹ wá pe àwọn tó ń ra irin.