Ẹ fi ìnàkí sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò

Mi ò mọ ẹni tó kó yín jọ lóṣù yìí o, torí mẹ́rin nínú lẹ́tà tó wọlé ló dá lórí géèmù kan ṣoṣo, Donkey Kong tí Nintendo ṣe fún Game Boy, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ mú, lọ́dún 1994. Géèmù àtijọ́ ni, ojú ẹ ò ju àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀ lọ, àmọ́ àlọ́ ni wọ́n fi eré bò lórí, ẹni tó bá kàn ń sáré gun òkè láìronú, ibẹ̀ ló máa sùn sí.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí Game Boy bọ̀ọ̀dá mi nínú páálí, Donkey Kong wà nínú ẹ, mo gbá a. Ìpele mẹ́rin péré ni, ìnàkí yẹn já bọ́, ọmọbìnrin yẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹ, mo bá pa á. Ṣé gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa nípa géèmù yìí náà nìyẹn?*

Háà, àbúrò mi, ibi tí eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an lo ti pa á! Ìpele mẹ́rin yẹn, àwọn ti 1981 ni, ìgbà tí Shigeru Miyamoto ṣe Donkey Kong àkọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gbá lórí ìdúró, tí Mario, ọkùnrin tó ò ń darí nínú eré, ṣì ń jẹ́ Jumpman. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síwájú ni, kẹ́ni tó ti gbá a rí lè rò pé òun ti mọ ibi tó ń lọ. Tún un gbá, tó o bá parí ìkẹrin má fọwọ́ kan nǹkan kan, wo ìnàkí yẹn dáadáa níbi tó sùn sí, ó máa dìde, ó máa gbé ọmọbìnrin yẹn, Pauline, ó máa sá lọ. Ìpele mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló ṣì kù, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 101. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wàá wá kọ́kọ́rọ́, wàá gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn tó tì pa kó o tó lè kọjá. Ayé mẹ́sàn-án lo máa gùn kọjá: ìlú ńlá, igbó, ọkọ̀ ojú omi, ẹgàn, aṣálẹ̀, bàálù, òkìtì yìnyín, àfonífojì olókùúta, kó o tó dé ilé ìṣọ́. Kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn yí àwòrán ẹ̀yìn padà o, tó o bá dé orí yìnyín wàá rí i pé ẹsẹ̀ Mario ò dúró níbi tó o ní kó dúró mọ́, gbogbo ìṣirò tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á dàrú.

*Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ inú Donkey Kong yìí fẹ́ sọ mí di wèrè. Màá gbé e, màá sọ ọ́ sókè, màá wá gba ọ̀nà míì lọ bá a, kí n tó débẹ̀ ó ti pòórá, ó ti padà sí ibi tó wà látilẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?*

O ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa, o kàn ń pẹ́ lọ́nà ni. Látìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ Mario ló ti ń ka àkókò, tó bá kà á tán tó ò tíì débẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Nítorí náà má gbé e rárá tó o bá kọ́kọ́ wọlé. Wo ilẹ̀kùn ná. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni kó o ti máa fojú tọ ọ̀nà padà sẹ́yìn títí dé ìdí kọ́kọ́rọ́, kó o wá fọwọ́ òfo rìn ín lẹ́ẹ̀kan, irin tó yẹ kó o fà kí bẹ́líìtì lè yí sápá ibòmíì, fà á sílẹ̀ báyìí.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni pèpéle tó ga ju ìfò Mario lọ. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Mario mọ bó ṣe ń fọwọ́ dúró kó nà ẹsẹ̀ sókè, tó bá sì fò látibẹ̀ ó ń ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ (tí nǹkan bá ń já bọ́ látòkè, ẹsẹ̀ yẹn náà ló máa ta á dànù, èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an). Tó o bá ń sáré lọ sápá kan, tó o yí padà lójijì tó o sì fò, ó máa tàkìtì, ìyẹn náà ga. Àmọ́ kò lè fọwọ́ dúró tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ, àbí ọwọ́ mélòó ló ní? Torí náà kọ́kọ́rọ́ lo máa kọ́kọ́ jù sórí pèpéle, ìwọ náà á wá fọwọ́ dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, o fò, o gbé e, o ń lọ. Má gba ọ̀nà míì yí ká. Bí òòlù tí Mario fi ń fọ́ nǹkan náà ṣe rí nìyẹn, o lè jù ú sókè, o gun àkàbà, o gbé e padà.

Àwọn àmì tó ń fún ẹ ní àkàbà tàbí afárá tó o lè gbé síbi tó wù ẹ́ ńkọ́? Wọ́n kì í pẹ́ kí wọ́n tó pòórá, má mú wọn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbi tó jìnnà. Èmi tí mò ń ṣe ọ̀gá yìí, mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ dé ibi tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí n wọlé rí, mo fẹ́ ṣe fáàrí, mo jù ú síwájú, ó fo ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, ó já sísàlẹ̀ pátápátá, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

*Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn sà. Ọmọ mi gbá Donkey Kong yìí dé inú aṣálẹ̀, ó pa á, nígbà tó máa fi tan án lọ́jọ́ kejì, ìpele àkọ́kọ́ pátápátá ló tún wà. Ọmọ yẹn sunkún gan-an. Ṣé géèmù yẹn ti bàjẹ́ ni?*

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Màmá. Géèmù ò bàjẹ́, bátìrì ni. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú káàtírìjì yẹn fúnra ẹ̀, ìyẹn ike tí géèmù wà nínú ẹ̀, yàtọ̀ sí ti Game Boy, òun ló ń bá yín rántí ibi tẹ́ ẹ dé, ọjọ́ ti lọ lórí ẹ, ó ti kú. Wọ́n jó o mọ́lẹ̀ ni, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó wáyà ló lè pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ ṣí i nílé. Ẹ sì sọ fún un pé lẹ́yìn ìpele mẹ́rin-mẹ́rin, tó bá ti bá ìnàkí wọ̀jà tán, ni géèmù yẹn ń fi ibi téèyàn dé pamọ́, tó bá dá a dúró lágbedeméjì ó máa tún wọn gbá ni.

*Mo ti parí ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èwo ló kàn?*

O káre. Mario vs. Donkey Kong ti Game Boy Advance ló kàn, ọdún 2004, kọ́kọ́rọ́ náà ṣì ni, wọ́n tún un ṣe fún Switch lọ́dún 2024. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ Nintendo 3DS lo ní, tí Pullblox sì ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ (Nintendo ò tà á mọ́ látọdún 2023), gbá a, Pushmo ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, o kàn ń fa búlọ́ọ̀kù jáde lára ògiri títí á fi di àtẹ̀gùn tó o lè gùn, tó o bá sì ṣìṣe, bọ́tìnnì kan wà tó o máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí àkókò á máa padà sẹ́yìn. Ká ní Mario ní bọ́tìnnì yẹn ni, kọ́kọ́rọ́ mi ì bá ti wọlé.