Jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fún pápá koríko: ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi rimóòtù fo bàálù kékeré. Àwọn oní-pùròpẹ́là ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo bọ́ sórí jẹ́ẹ̀tì oníbátìrì. Ní báyìí, mo fẹ́ ra èyí tó ní tọ́báìnì gidi, ìyẹn ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì tó ń mu epo. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lyon rí F-16 kan, àwòkọ kékeré bàálù ogun Amẹ́ríkà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká wọ inú, pẹ̀lú tọ́báìnì àlòkù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 160 Newton (Newton ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ti bàálù tó), owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Pápá koríko tí a ń lò wà lójú ọ̀nà Ìlárá, gígùn rẹ̀ tó mítà 140. A máa ń gé e, àmọ́ kò tẹ́jú bíi títì ọ̀dà. Ṣé kí ó bá mi rà á? Ṣé epo òyìnbó ẹ̀bá ọ̀nà sì lè ṣiṣẹ́ fún un?

ÌDÁHÙN

Àbúrò, o kú ìfẹ́ iṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ ra F-16 yẹn. Bàálù náà lè dára gan-an, àmọ́ pápá rẹ kò gbà á.

Ẹni tó bá ń ra jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì: báwo ni agbára rẹ̀ ti tó, ta ló ṣe é, eélòó ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó ní títì ọ̀dà lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó sì mú un jẹ. Àwa tí a ń fò lórí koríko, ẹsẹ̀ bàálù la gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ká wá wo apá, ká wo ibi tí ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ wà, kó tó kan ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn bàálù tí wọ́n ń gbé wá fún mi tún ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹsẹ̀ tó ya kúrò lára pákó ló pọ̀ jù. Tọ́báìnì tó dédé bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Wo ohun tí koríko ń ṣe. Bàálù tó wọ̀n tó kílò 10, tó ń yí lórí ọ̀dà, nǹkan bíi gíráàmù 300 péré ni ilẹ̀ fi ń fà á sẹ́yìn. Lórí koríko gígé tó gbẹ, ó lè tó kílò kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ó tún lé sí i. Ìyẹn nìkan kọ́. Gbogbo kòtò àti òkìtì kéékèèké ló ń gbá táyà sẹ́yìn bí bàálù ti ń sáré. Ẹsẹ̀ tó dúró ṣánṣán, tí sípíríǹgì rẹ̀ ń wọlé tó ń jáde nínú ọ̀pá, ohun tó bá tì í láti ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà mọ́ra. Ohun tó bá gbá a láti iwájú, kò rí i ṣe. Ọ̀pá á tẹ̀, tàbí kó fa pákó tí wọ́n dè é mọ́ ya. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ F-16 kékeré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì kò sì jìnnà síra, bàálù náà á máa mì sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́.

Ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ kí o béèrè fún ni èyí tó ní oríkèé bí orúnkún, tí apá kékeré kan nà sẹ́yìn láti ibi oríkèé náà, tó wá gbé táyà dání. Bí táyà yìí bá kọ lu òkìtì, apá náà á yí sókè, á sì yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, sípíríǹgì á gba ìlù náà, ara bàálù kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kí ó tó mílímítà 90 sí 100 ní gíga láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ti iwájú kí ó má kéré sí 75, kí ó jẹ́ rọ́bà rírọ̀. Kí ẹsẹ̀ náà dúró lójú kan, kó má máa ká wọlé. Mo mọ̀ pé jẹ́ẹ̀tì tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn ún wò lójú ọ̀run, inú èmi náà ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń ká túmọ̀ sí mọ́tò kékeré, ìṣó oríkèé àti ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí koríko ń fà ya, àti pé gbogbo ibi tí wọ́n gé lábẹ́ apá láti fi ẹsẹ̀ pamọ́ sí jẹ́ ibi tí apá náà ti rọ. Jẹ́ kí ìyẹn di ti jẹ́ẹ̀tì rẹ kejì.

Ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, nítorí náà béèrè nǹkan méjì nípa rẹ̀ kó o tó sanwó. Àkọ́kọ́, bí bàálù bá dúró sórí ilẹ̀, ṣé imú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bíi dígírì kan sí méjì? Bí imú bá dorí kodò, bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ni apá á máa tẹ bàálù mọ́ koríko. Èkejì, báwo ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti jìnnà sí ibi tí bàálù ti ń dọ́gba? Bí ó bá jìnnà sẹ́yìn jù, ìrù kò ní ní agbára láti gbé imú sókè, ẹsẹ̀ iwájú á sì máa túlẹ̀ lọ títí pápá á fi tán. Tìrẹ ni kí o máa fa ọ̀pá ìdarí díẹ̀ sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí ẹrù lè kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú náà.

Ó kan ihò afẹ́fẹ́. Ihò F-16 wà lábẹ́ ikùn, ó sún mọ́ ilẹ̀, táyà iwájú sì wà lẹ́yìn ẹnu rẹ̀ gan-an. Tọ́báìnì tí agbára rẹ̀ tó 100 Newton ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tó bá wọlé á ba ìyẹ́ àgbá tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ jẹ́. Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ Kétu kò ní fọ́ nǹkan kan lójijì, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ìyẹ́ náà. Àwọn tó ṣe bàálù gidi ti ro èyí jinlẹ̀. L-39 tí wọ́n ṣe ní Czechoslovakia, tó kọ́kọ́ fò ní 1968, wọ́n gbé ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ sókè lẹ́yìn yàrá awakọ̀, tórí pé wọ́n fẹ́ kó lè gbéra lórí pápá tí wọn kò da ọ̀dà sí. MiG-29 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ilẹ̀kùn tó ń pa ihò ìsàlẹ̀ dé nígbà tó bá wà nílẹ̀, á sì máa fa afẹ́fẹ́ láti ihò tó wà lókè apá. Nítorí náà, bí ọkàn rẹ bá fẹ́ bàálù tó jọ ti ológun, L-39 ni kí o máa dá owó rẹ̀ jọ fún. Èyí àkọ́kọ́, ra bàálù ìkọ́ṣẹ́ tí ihò rẹ̀ wà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí apá rẹ̀ nípọn, tó fẹ̀, tó ní fíláàpù ńlá (etí ẹ̀yìn apá tó ń tẹ̀ wálẹ̀) tí yóò jẹ́ kó rọra balẹ̀. Boomerang wà lára àwọn tí orúkọ wọn ti pẹ́ nínú irú èyí. Síbẹ̀, fi àwáyà pẹlẹbẹ oníhò bo ẹnu tọ́báìnì, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan, nítorí koríko wẹ́wẹ́ lè dí i.

Pápá rẹ ńkọ́? Mítà 140 tó, bí orí àti ìdí rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Bí igi tó ga tó mítà 10 bá wà ní orí rẹ̀, bàálù tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan fún mítà mẹ́jọ tó bá lọ gbọ́dọ̀ ré igi yẹn kọjá, mítà 80 á sì ti lọ kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ohun tó kù kò tó ọ. Ní ti bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ sí, dé àṣíborí, kí o gun alùpùpù gba àárín pápá náà ní eré kìlómítà 50 ní wákàtí, eré tí jẹ́ẹ̀tì ìkọ́ṣẹ́ fi ń balẹ̀ kò jìnnà sí i. Bí ọwọ́ alùpùpù bá ń gbọ̀n débi tí o fi fẹ́ dín eré kù, kì í ṣe bàálù ló kù tí o máa rà, róólà tí ẹ máa fi tẹ ilẹ̀ náà pẹlẹbẹ lẹ́yìn òjò ni.

Ẹ́ńjìnnì wàyí. Jẹ́ẹ̀tì ìkọ́ṣẹ́ tó wọ̀n kílò 10 pẹ̀lú epo nínú, tọ́báìnì 100 Newton ló bá a mu. Ìyẹn ń tì í pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀. Lórí ọ̀dà, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n bàálù lè tó. Koríko ń gba tirẹ̀, ooru wa náà ń gba tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ dígírì 15 ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ka agbára ẹ́ńjìnnì wọn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ó bá gbóná dé 35 ní Kétu, afẹ́fẹ́ á ti fúyẹ́ ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, agbára ẹ́ńjìnnì á sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán. 160 Newton ti pọ̀ jù fún bàálù yìí: ó wúwo, ó ń mu epo gan-an, bí o bá sì fa ọ̀pá iná (èyí tó ń pinnu agbára ẹ́ńjìnnì lórí rimóòtù) dé ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà tí o fẹ́ balẹ̀, ó ṣì ń ti bàálù síwájú lọ́nà tí pápá kúkúrú kò fẹ́. 100 Newton náà ń mu bíi mílílítà 300 sí 400 ní ìṣẹ́jú kan bí o bá ṣí i tán, nítorí náà táńkì lítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni kí o wò fún.

Ohun kan wà tí jẹ́ẹ̀tì oníbátìrì rẹ kò kọ́ ọ. Bí o bá ti ọ̀pá iná sókè, mọ́tò iná á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Tọ́báìnì tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lè gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kó tó dé góńgó. Ní eré kìlómítà 60 ní wákàtí, bàálù á ti lọ tó mítà 67 láàárín ìgbà náà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì pápá rẹ. Nítorí náà, má fa iná dé ìsàlẹ̀ nígbà tí o bá ń bọ̀ wá balẹ̀. Jẹ́ kó wà lókè díẹ̀ títí táyà yóò fi kan koríko. Bí o bá sì fẹ́ padà sókè, pinnu rẹ̀ ní kùtùkùtù. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi jẹ́ẹ̀tì oníbátìrì rẹ ṣe é láti ìsinsìnyí: bí o bá ti iná sókè, ka ení dé ẹẹ́rin kó o tó fa imú bàálù sókè.

Epo òyìnbó dára fún un, irú kan náà ni pẹ̀lú èyí tí bàálù ńlá ń mu. Àmọ́ má ra ti ẹ̀bá ọ̀nà. Omi lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, erùpẹ̀ lè wà níbẹ̀, èyí tó burú jù ni pé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta ẹ̀sáǹsì (epo mọ́tò) lánàá ni wọ́n lè fi ta epo òyìnbó lónìí. Ẹ̀sáǹsì díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti mú kí iná sọ jáde nígbà tí o bá ń tan ẹ́ńjìnnì. Lọ ra á ní ilé epo, dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara, jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá omi ti sọ̀ síbẹ̀, kí o wá sẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ tó ń tú epo sínú yàrá iná tóóró púpọ̀, kò fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Lẹ́yìn náà, da òróró tọ́báìnì sí i bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ti wí. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, ìyẹn mílílítà 250 sínú lítà márùn-ún. Òróró yìí nìkan ló ń dáàbò bo béárìn, ìyẹn ibi tí ọ̀pá àárín tọ́báìnì ti ń yí. Bí o bá gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, béárìn lè jó.

Jọ̀wọ́, mú ọ̀rọ̀ iná ní pàtàkì. Èéfín tó ń jáde nídìí tọ́báìnì lè gbóná dé dígírì 500 sí 700. Nígbà ọyẹ́, koríko ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, iná lè ràn dé oko tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yín. Orí pẹpẹ símẹ́ńtì tàbí páànù ni kí o ti máa tan án, tí o sì ti máa pa á, má ṣe é lórí koríko. Bí ó bá kọ̀ láti tàn tí epo ti dà sínú rẹ̀, gbé imú bàálù sókè kí epo náà ṣàn jáde tán kó o tó gbìyànjú mìíràn. Ohun ìpaná kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáídì ni kí ó wà lọ́wọ́ ẹni kejì rẹ. Ti oníyẹ̀fun á pa iná, á sì pa ẹ́ńjìnnì náà. Kí ẹ ní ẹ̀ka ewé tútù àti omi nítòsí fún koríko. Láàárín ọyẹ́ gan-an, nígbà tí ohun gbogbo bá gbẹ, jẹ́ kí tọ́báìnì sinmi, kí o máa fo oníbátìrì.

Pápá yín kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà, bàálù yìí sì lè sáré ju kìlómítà 200 ní wákàtí. Lọ rí mẹ́rì, kí o sì kọ̀wé sí ANAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú, ní Kùtọnu kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ra ohunkóhun.

Ní ti àlòkù, n kò kọ̀ ọ́. Bí ó bá rí 100 Newton àlòkù, kí ó ní kí olówó rẹ̀ so kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ lójú rẹ̀. Àpapọ̀ wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kò ṣeé fi irọ́ bò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fẹ́ kí wọ́n gbé e padà fún àyẹ̀wò lẹ́yìn wákàtí 25, àwọn mìíràn lẹ́yìn 50. Kí ó béèrè ìwé àyẹ̀wò náà. Kí ó má sì gbé e sínú àpótí ẹrù rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú láìsọ. Tọ́báìnì tó ti mu epo rí, kódà tuntun tí ilé iṣẹ́ ti dán wò, òórùn epo wà lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló dára jù fún un, pẹ̀lú ìwé tó kọ ohun tó jẹ́ gan-an. Kó tó san kọ́bọ̀, jẹ́ kí ó ya fọ́tò ẹsẹ̀ bàálù náà láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìsàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti wọ inú apá, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo máa wò ó.