Ilé họ́sípíìsì wo ló dáa: èyí tó ń fa omi síni lára ni àbí èyí tó ń fúnni ní mọ́fíìnì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń ṣe ìyá mi, ó sì ti ràn dé eegun ẹ̀yìn. Ọsibítù ní kò sí iṣẹ́ abẹ tí àwọn tún lè ṣe, wọ́n ní ká lọ gba ìtọ́jú họ́sípíìsì. Ibi méjì la rí n'Íbàdàn níbí. Èyí àkọ́kọ́ ò ju yàrá méjì lọ, nọ́ọ̀sì wọn ló ń gbé báàgì wá sílé, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ló ti gbé mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára yẹn, lé wa lọ́wọ́. Èkejì ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa omi sí aláìsàn lára, wọ́n sì ní àwọn kì í lo oògùn olóró, abẹ́rẹ́ ìrora lásán làwọn ń gún. Àbúrò mi tó wà ní London ló máa sanwó, èkejì yìí ló ń wù ú. Ẹ̀rù mọ́fíìnì yẹn ń bà mí. Báwo la ṣe ń mọ èyí tó dáa? (Ọmọ Màmá, Apẹtẹ)

Ìdáhùn: Ọmọ Màmá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ojú lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnìkarùn-ún tó máa bi mí nírú ìbéèrè yìí láàárín oṣù méjì, n ò sì ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ti ń bí mi nínú. Ẹ ò lẹ́bi o. Àwọn tó ń kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí yín létí ni mò ń bínú sí.

Ẹ ka ìwé yín padà. Ẹ sọ̀rọ̀ amúlétutù, ẹ sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀, ẹ dárúkọ London. Ẹ ò sọ fún mi bóyá Màmá ń sùn lóru. Ibẹ̀ ni èmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ ilé. Ìtọ́jú ni họ́sípíìsì, ìtọ́jú tó ń mú ara tu ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò ṣe é wò sàn mọ́; kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Cicely Saunders, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ló dá ilé họ́sípíìsì St Christopher's sílẹ̀ ní London ní 1967. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ aláìsàn lọ sílé, torí wọ́n rí i pé orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ wà. Nílẹ̀ tiwa níbí náà, wọ́n máa ń tọ aláìsàn lọ sílé. Ẹni tó gbé báàgì wá bá yín nílé ò tíì jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò yín.

Mọ́fíìnì ni mo fẹ́ jókòó tì.

Wọ́n ní tí wọ́n bá ti fún èèyàn ní mọ́fíìnì, ìwé ìrìnnà ọ̀run ni wọ́n fún un yẹn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í mú mọ́fíìnì jáde àfi tó bá ku ọjọ́ méjì, mẹ́ta, kí aláìsàn jáde láyé. Wọ́n á ti jẹ́ kó ké títí ohùn á fi há. Ìgbà tí wọ́n bá wá fún un, tó dákẹ́, tó sun oorun díẹ̀, tó sì kú lọ́jọ́ kẹta, kí lẹ fẹ́ kí ẹbí rò? Òjò ti ṣú, ó ti ń kán, ẹnì kan wá ṣí agboòrùn, a ní agboòrùn ló rọ òjò. Jẹjẹrẹ ló pa á. Àwa la pẹ́ ká tó ṣí agboòrùn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti ka mọ́fíìnì mọ́ àwọn oògùn kòṣeémáàní láti 1977. Èyí tí à ń lò nínú ilé, lẹ́búlẹ́bú ni, apòògùn á pò ó mọ́ omi, á rọ ọ́ sínú ìgò. Ó korò. Èyí tó rọra nínú wọn máa ń ní mílígíráàmù 5 nínú mílílítà 5, àmọ́ èyí tó le jù ú lọ dáadáa wà, torí náà ẹ má fi ṣíbí ìdáná wọ̀n ọ́n láé. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹnu ni kí wọ́n fún yín, kí wọ́n fàlà sí ibi tí ẹ máa fà á dé. Bí aláìsàn bá gbé e mì, tó bá fi máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni agbára rẹ̀ mọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aago la fi ń lò ó, a kì í dúró kí ìrora dé ká tó máa wá ìgò kiri. Kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí ara á fi tu aláìsàn. Lálẹ́, dókítà lè ní kí ẹ fún un ní ìlọ́po méjì kó lè sùn mọ́jú. Dókítà ni mo wí o, n ò ní kí ẹ dá a ṣe.

Lọ́jọ́ méjì, mẹ́ta, àkọ́kọ́, oorun á máa kun Màmá, ẹ̀rù á sì bà yín. Ẹ rántí pé ẹni tí ìrora ò jẹ́ kó sùn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, ó ń san gbèsè oorun ni. Èébì lè gbé e díẹ̀, ó máa ń lọ. Ìgbẹ́ tí kì í yà ni kì í lọ ní tiẹ̀. Oògùn tó ń mú ìgbẹ́ yà gbọ́dọ̀ bá mọ́fíìnì rìn láti ọjọ́ kìíní. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó wá sọ́dọ̀ yín yẹn: "Èwo ni ti ìgbẹ́?" Tó bá ti mú un jáde nínú báàgì kí ẹ tó bèèrè tán, ẹ ti rí ẹni tó mọ iṣẹ́. Tó bá ń wò yín lójú, ẹ fura.

Ẹ̀rù kejì ni pé á di bárakú. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ léegun, tó ń gbé oògùn tí wọ́n wọ̀n fún un mì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kì í sábà di ọmọ ìta tó ń wá oògùn kiri. Òótọ́ ni pé ara á mọ̀ ọ́n lára. Tí ẹ bá kàn dá a dúró lójijì, á máa làágùn, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, torí náà ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan mọ́ni lára, ọ̀tọ̀ ni bárakú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì náà, torí n ò rí Màmá, n ò sì rí èsì àyẹ̀wò wọn. Tí kíndìnrín wọn ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, mọ́fíìnì á máa pẹ́ lára, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ dínkù. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ oògùn oorun tí dókítà ò mọ̀ sí, ẹ má pò ó mọ́ ọtí, títí kan àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Ẹ tì í mọ́ àpótí, kí ọmọdé má rí i. Tí ẹ bá pe Màmá tí wọn ò dáhùn, tí ẹ jí wọn tí wọn ò jí, tí èémí wọn ò sì pé mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fún wọn ní òmíì, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò dùn mọ́ mi nípa ilé àkọ́kọ́ yẹn. Ní Uganda, òfin ti gbà láti 2004 pé kí nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ họ́sípíìsì kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Níbí, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Dókítà wo ló fọwọ́ sí ti Màmá? Orúkọ ta ló wà lára ìgò? Ṣé wọ́n kọ ìwọ̀n àti déètì sí i? Mọ́fíìnì kì í ṣe ọjà kẹ́míìsì, ìjọba ń ka ìgò ẹ̀ ni. Tí wọn ò bá lè dá yín lóhùn, ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà tó kọ́kọ́ rí Màmá.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn "a kì í lo oògùn olóró." Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n ń gún? Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ rẹ̀ láìdébẹ̀: pentazocine. Ẹ bi wọ́n. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹbí kan náà ni òun àti mọ́fíìnì, kò kàn dáa tó o fún irú ìrora yìí ni. Ó ní ibi tó ń dé tí kò ní lè lọ mọ́, bó ti wù kí ẹ gún un tó. Kì í pẹ́ lára. Awọ ibi tí wọ́n bá ń gún lójoojúmọ́ máa ń le gbagidi, ó máa ń di egbò. Ó sì tún máa ń bá mọ́fíìnì jà lára, torí náà ẹ ò gbọdọ̀ gba ọ̀tún kí ẹ gba òsì. Ẹni tó bá ń gún pentazocine tó wá ń ní òun ò fọwọ́ kan oògùn olóró, yálà kò mọ̀, yálà ó ń tàn yín.

Mo wo bàbá kan rí, awakọ̀ ńlá ni nígbà ayé wọn, jẹjẹrẹ ti dé eegun ìbàdí wọn. Wọn ò lè dùbúlẹ̀. Orí àga ni wọ́n ń sùn, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú bí ẹni di sítíà mú. A gbé mọ́fíìnì fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Mo padà lọ lọ́jọ́bọ̀, àga náà ni mo bá wọn lórí ẹ̀. Mo ní ìgò dà, ìyàwó wọn ní àwọn ń lò ó. Mo ní kí n rí i. Inú ike gàrí ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde, ìdè ẹnu ẹ̀ ò tíì já. Ìyá náà bú sẹ́kún, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò lè fọwọ́ ara mi pa ọkọ mi." Mi ò jà. Mo jókòó, mo fa oògùn náà níṣojú wọn, mo fún bàbá, mo sì dúró tì wọ́n fún wákàtí kan gbáko. Bàbá tú ọwọ́ kúrò lára àga. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pe onígbàjámọ̀, irùngbọ̀n ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn. Wọ́n lo oṣù méjì lé díẹ̀ sí i kí wọ́n tó lọ, wọ́n pe àwọn ọmọ jọ, wọ́n sọ ẹni tó ni mọ́tò.

Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Wọ́n máa ń fi bú àwa oníṣẹ́ yìí. Ìrora, èébì, ìgbẹ́ tí kò yà, egbò tó ń rùn, àìsàn kọ́ ni wọ́n?

Ti omi ò gùn. Tí aláìsàn bá ti ń lọ sópin, ara ò lè lo omi yẹn tán mọ́. Ẹsẹ̀ á máa wú, omi á máa dúró sí ẹ̀dọ̀fóró, àyà á máa dún hùrùhùrù. Tó bá jẹ́ pé ó ṣu tàbí ó bì tí omi gbẹ lára ẹ̀, ó yàtọ̀, dókítà lè ní kí wọ́n fa díẹ̀. Àmọ́ ojoojúmọ́, fún gbogbo ẹni tó bá wọlé? Owó ni wọ́n ń fà. Òwú tútù tí ẹ fi ń nu ètè Màmá ń ṣe wọ́n lóore ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó kù, ẹ lè bèèrè rẹ̀ lórí fóònù. Ṣé nọ́ọ̀sì wọn ní ìwé àṣẹ Nursing and Midwifery Council tí kò tíì kú? Ṣé iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ mọ̀ wọ́n? Ta ni yóò gbé ipè yín ní aago méjì òru? Ẹ dán nọ́ńbà náà wò lóru kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí egbò má dá sí i lẹ́yìn? Kí ni wọ́n ń fi sí egbò ọyàn tó ń rùn? (Flagyl tí wọ́n lọ̀ kúnná ni ìdáhùn tí mo máa ń retí, ó ń pa òórùn náà dáadáa.) Ṣé wọ́n ń fún yín ní rìsíìtì? Ilé tó bá sì ti fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé Màmá máa gbádùn pátápátá, tí wọ́n á dìde rìn, ẹ mú bàtà yín, ẹ jáde. Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ti lè rí àlàyé gbà, UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì n'Íbàdàn níbí, ní ẹ̀ka họ́sípíìsì tiwọn, ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú gbogbo ìwé Màmá.

N ò ní bá yín yan ilé láti ibi tí mo jókòó sí. Àmọ́ kí ẹ tó tún kọ̀wé sí mi, ẹ ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní. Ẹ jókòó ti Màmá, ẹ ní: "Màmá, ẹ fi ìka yín ṣàlàyé ìrora yẹn fún mi. Tí kò bá sí, ẹ di ọwọ́ yín. Tí kò bá ṣe é fara dà, ẹ na márààrún." Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ aago sí i. Ẹ tún bèèrè láàárọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kìíní bá dé, ẹ wò ó bóyá òun náà á bèèrè ìka mélòó kó tó ṣí báàgì. Kí ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn onílé ńlá, kí ẹ wo bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ máa bèèrè. Ìgbà náà ni kí ẹ pe London.