Ìbéèrè Yín: Ìlú Títẹ̀dó Lójú Òfurufú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Galactic Civilizations II, géèmù kọ̀ǹpútà tí a ti ń tẹ ìlú dó lójú òfurufú, ni mo ń gbá, ẹ̀yà ọmọ ènìyàn ni mo sì máa ń mú. Kí n tó kọ́ ilé iṣẹ́ àti ilé ìwádìí tán sórí Ayé, kí n tó jáde, gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ìtòsí ti di ti ẹlòmíràn. Mẹ́ta péré ni mo máa ń ní, Drengin, ẹ̀yà ọ̀tá kan nínú géèmù náà, á ní mẹ́wàá. Níbo gan-an ni mo ti ń ṣàṣìṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà.

Àbúrò mi, o ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́: ilé ni o ń tún ṣe nígbà tí àwọn yòókù ń tẹ ìlú dó. Láti 2006 tí Stardock ti gbé géèmù yìí jáde ní Amẹ́ríkà, bó ṣe rí nìyẹn. Pílánẹ́ẹ̀tì tó dára kò pọ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. Ilé iṣẹ́ kò ní sá lọ, o ṣì máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti fẹsẹ̀ tẹ̀, wàhálà lo máa fi gbà á.

Bí géèmù bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ìtẹ̀dó kan wà lọ́wọ́ rẹ, owó sì wà lápò ìjọba. Na owó náà. Má dúró kí wọ́n kan ọkọ̀ kejì tán, fi owó rà á lójú ẹsẹ̀, kí o sì tún ra ẹ̀kẹta. Má torí pé Mars wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Wo nọ́ńbà tó wà lára pílánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń sọ iye ààyè tí o lè kọ́lé sí. Ayé tiwa ní 10. Èyí tó bá ní 12 tàbí 14, bó tilẹ̀ jìnnà, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ forí lé, torí pé ojú gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ìtẹ̀dó tí géèmù yà fún wa sì máa ń rìn bí ìgbín. Èmi máa ń wọ ibi tí a ti ń ya ọkọ̀, màá fi ẹ́ńjìnnì kún un, màá sọ ọ́ lórúkọ tèmi. Ìyípo kan ṣoṣo, ìyẹn ìgbà kan tí kálukú ṣeré tirẹ̀, tí ọkọ̀ mi fi ṣáájú ti Drengin ti gba pílánẹ́ẹ̀tì fún mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, géèmù á bi ọ́ pé ènìyàn mélòó lo fẹ́ kó. Ronú sí i dáadáa, àwọn tó ń san owó orí nílé nìyẹn. Bí o bá kó wọn jù, ilé á dá páropáro, owó á wọ́n. Bí o bá kó bíńtín, ìlú tuntun náà á pẹ́ kó tó gbèrú. Èmi máa ń kó wọn díẹ̀ lé ní ìwọ̀nba, màá wá dín owó orí kù, torí pé bí inú ará ìlú bá dùn, ọmọ á máa pọ̀ sí i.

Ìlú tuntun kì í tètè mówó wọlé, ó máa ń jẹ owó ni. Nígbà kan mo tẹ ìlú mẹ́sàn-án dó, mo sì kọ́lé sí gbogbo ààyè inú wọn. Owó ìtọ́jú ilé gbẹ àpò mi. Ìmọ̀ tí mo ti ṣèwádìí rẹ̀ ni mo tà fún àwọn Altarian, ẹ̀yà mìíràn nínú géèmù náà, kí n tó lè mí. Láti ọjọ́ náà, ilé kan tàbí méjì ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, títí èrò á fi pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní òun gba odidi pílánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀tá nínú géèmù kan náà tí ẹ máa ń kọ nípa rẹ̀, láìyin ìbọn kan. Mo ní irọ́ ni, ló bá ń bínú. Ṣé irú rẹ̀ wà? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ ló sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kí i. Gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì inú géèmù yìí ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní influence, ìyẹn bí orúkọ àti àṣà ìlú náà ṣe ń wu àwọn ará ìtòsí. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàfihàn rẹ̀ lórí máàpù, ó sì máa ń ràn díẹ̀díẹ̀ bí epo lára aṣọ. Bí àwọ̀ ẹni bá bo pílánẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn, tó sì ju ti ẹni tó ni ibẹ̀ lọ fíìfíì, àwọn tó ń gbé níbẹ̀ lè kọ ìjọba wọn sílẹ̀, kí wọ́n wá bá ẹni.

Èyí tó ṣojú mi kò kúrò lọ́kàn mi. Torian ni mo mú, ẹ̀yà tí ìtàn géèmù náà sọ pé wọ́n ti ṣẹrú fún Drengin rí. Nínú Dark Avatar, àfikún tó jáde ní 2007, ọmọ bíbí ni ẹ̀bùn tiwọn, èrò mi sì ti pọ̀ nígbà náà. Drengin wá tẹ ìlú kékeré kan dó sáàárín ilẹ̀ mi, ó dá wà, ó jìnnà sí ilé. Mo kọ́ ibùdó òfurufú ti influence sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ akọ́lé kan ló ń bá ohun kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún ibùdó lọ, nítorí náà mo ń rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi pé méje. Mo tún kọ́ Embassy, ilé tó ń fi kún influence, sí ìlú tèmi tó súnmọ́ ọn jù. Àwọ̀ mi ń wọ inú tiwọn láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, bátìrì ti ń kú lọ, mo tẹ bọ́tìnnì ìyípo tó kàn, ni ìkéde bá yọ: ìlú náà ti fi Drengin sílẹ̀, ó ti di tiwa. Mo tẹjú mọ́ ọn pẹ́ kí n tó rántí séèfù. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹrú ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn yẹn, ẹ̀jẹ̀ kankan ò sì ta sílẹ̀.

Ẹ sọ fún un pé ìlú tó dá wà bẹ́ẹ̀ ló ṣeé gbà. Kó má fi ọkọ̀ akọ́lé ṣòfò sára olú-ìlú ọ̀tá. Kó sì ní ọkọ̀ ogun díẹ̀ nílé, torí pé Drengin máa ń wo agbára ẹni. Bí wọ́n bá rí i pé kò sí, wọ́n á kọ́kọ́ wá bèèrè owó, lẹ́yìn náà ogun ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n, mo lo ọgbọ́n influence yín nínú Stellaris. Mo tọ́jú ẹ̀ títí ó fi pé 1,000, ìlú ọ̀tá kankan ò yí wá. — Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Abẹ́òkúta.

Orúkọ kan náà ni, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Nínú Stellaris, géèmù Paradox ti Sweden tó jáde ní 2016, nínáná ni influence wà fún. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún géèmù náà ṣe gidigidi ní 2018, òun lo fi ń kọ́ outpost, ibùdó kékeré lójú òfurufú, tí yóò sọ ìràwọ̀ di tìrẹ. Bó bá ti pé 1,000, kò lè lé sí i mọ́, èyí tó yẹ kó wọlé lẹ́yìn ìyẹn ti ṣòfò. Ṣí máàpù rẹ lálẹ́ òní, wá ìràwọ̀ tí ọ̀nà ti pàdé láàárín ìwọ àti aládùúgbò rẹ, kí o kọ́ outpost síbẹ̀ ṣáájú ibòmíràn, kí o sì ti ẹnubodè. Àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, o lè máa kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí influence bá ṣe ń wọlé.