Ṣé omi iyọ̀ tí a fi ń fọ imú lè dúró fún ti àlùwàlá?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà wa. Òkè-Baálẹ̀ ni mo ń gbé níbí ní Òṣogbo. Láti ìgbà ọyẹ́ ni imú mi ti ń dí, tí iwájú orí sì ń fọ́ mi. Wọ́n ní sáínọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi omi iyọ̀ fọ imú láàárọ̀ àti lálẹ́. Oṣù méjì rèé tí mo ti ń ṣe é, òun náà ni mo sì ń lò fún ti imú nínú àlùwàlá Súbùhì, torí ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní báyìí, wọ́n ń fi ohùn Àáfà kan ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp. Ó ní àdádáálẹ̀, ìyẹn ohun tuntun tí a mú wọ inú ẹ̀sìn, ni kí Mùsùlùmí máa se omi kó tó fi fọ imú, pé omi kànga tí a fi ń ṣe àlùwàlá ti tó, ká ṣáà fà á sókè dáadáa. Ìrun mi ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta sì wà nínú Ramadan tí mo fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, tí mo gbọ́ adùn iyọ̀ lọ́nà ọ̀fun.

Ìdáhùn: Wa alékúmù sálámù, arábìnrin mi. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ìrun oṣù méjì yẹn dúró, ẹ ò ní í kí ìkankan padà nínú wọn. Lọ́dọ̀ Imām Mālik, ẹni tí àwọn bàbá wa tẹ̀lé nílẹ̀ yìí, tí àwa náà ń tẹ̀lé, sùnnà ni fífa omi símú nínú àlùwàlá, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Méje ni ọ̀ranyàn rẹ̀: àníyàn, fífọ ojú, fífọ ọwọ́ dé ìgúnpá, pípa orí, fífọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, fífi ọwọ́ ra ibi tí omi kàn, àti ṣíṣe é tẹ̀léra láìdá a dúró. Imú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí sùnnà bọ́ mọ́ lọ́wọ́, àlùwàlá rẹ̀ kò bàjẹ́. Àwọn ará wa tó ń tẹ̀lé Imām Ahmad ní ọ̀ranyàn ni. A ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn da ìrun yín rú.

Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Omi àlùwàlá gbọ́dọ̀ wà bí Ọlọ́hun ṣe dá a, kí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ má yí padà. Ẹnì kan á ní, òkun ńkọ́? Òótọ́ ni, wọ́n bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, léèrè nípa òkun, ó ní omi rẹ̀ mọ́, a sì lè fi ṣe ìmọ́ra, ẹ̀tọ́ sì ni òkú inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú òkun, Ọlọ́hun ló fi síbẹ̀. Èyí tí ẹ bù nínú ọ̀rá, tí ẹ fi ṣíbí rò pọ̀, ẹ̀yin lẹ fi sí i. Àwọn onímọ̀ Maliki fúnra wọn jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní inú ilẹ̀ ni iyọ̀ ti wá, ó dà bí erùpẹ̀ tó bọ́ sómi, kò ba omi jẹ́. Àwọn mìíràn ní bí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ da iyọ̀ sómi títí adùn rẹ̀ fi yí, omi náà ṣì mọ́, ó ṣeé mu, ó ṣeé se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni mo gbà, òun ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú mi.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fọ imú yín bí aláìsàn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá rárá. Tó bá yá, ẹ gbé búùtà yín, kí ẹ fi omi lásán fa imú lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ máa fọn ọ́n. Ẹ má lé e. Ànábì ṣe àlùwàlá ní ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, ó ní ẹni tó bá fi kún un ti ṣe aburú, ó ti tayọ ààlà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kírun, torí omi iyọ̀ yẹn a máa fara pamọ́ sínú egungun ojú. Bí èèyàn bá ti forí kanlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ẹní tó, tó, tó. Bó bá kán, ẹ fi aṣọ nù ún, ìrun ń lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá a jáde nítorí ọyẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀jẹ̀ imú kì í ba àlùwàlá jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa.

Ó wá ku ohùn orí fóònù yẹn. Mo gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, inú mi kò dùn. Inú ẹ̀sìn ni àdádáálẹ̀ wà. Ta ló sọ fún un pé omi sísè jẹ́ ìjọsìn? Ànábì ní, «Ẹ wá ìwòsàn, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun.» Ẹni tó bá se omi kó má baà kó àrùn, àṣẹ yìí ló tẹ̀ lé. Àáfà orí fóònù yẹn tún fi hádíìsì Laqit ọmọ Sabirah ti ara rẹ̀ lẹ́yìn, èyí tó wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud, pé Ànábì ní ká fa omi símú dáadáa. Ó ka ìdajì, ó gbé ìdajì jù sílẹ̀! «Àfi tí o bá gba ààwẹ̀» ni ìparí rẹ̀. Àti pé fífà dáadáa tí ibí yìí ń wí, èémí la fi ń fà á dé ibi tí imú ti rọ̀, kì í ṣe ká ti ike bọ imú ká fún omi mọ́ orí. Ohun tó dára ni lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò ṣe é kò jẹ gbèsè kankan.

Ohun tí Àáfà yẹn kò yà sọ́tọ̀ ni pé omi lè mọ́ fún àlùwàlá kó má sì yẹ fún inú orí. Omi kànga mọ́, omi bọ̀hóò mọ́, mo ń fi wọ́n kírun. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tí ojú kò rí, Naegleria fowleri lorúkọ rẹ̀, tó fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́: adágún, kànga, táǹkì tí oòrùn ń pa. Bí èèyàn bá mu ún, kò ṣe nǹkan kan. Bó bá gba imú wọlé, ó lè tọ iṣan imú dé ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá mú kì í sábà yè é. Lọ́dún 2011, èèyàn méjì kú ní Louisiana nílẹ̀ Amẹ́ríkà torí pé omi ẹ̀rọ tí wọn kò sè ni wọ́n fi fọ imú. Ní Karachi ní Pakistan, àwọn dókítà rí àwọn tó ní in láìjẹ́ pé wọ́n wẹ odò. Omi àlùwàlá ni wọ́n fura sí. Ẹ̀yin tí táǹkì yín ti ń hewé, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó yọ omi sísè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ti imú nínú àlùwàlá rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́.

Fún oògùn yín, ẹ jẹ́ kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ dé e, kó lọ wọ́ọ́rọ́. Omi inú ọ̀rá náà, sísè ni. Gíráàmù 9 iyọ̀ ni fún lítà kan. Mo ti fojú wọn iyọ̀ rí, ó ta mí nímú bí ẹni fín ata, tí omijé bò mí lójú. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ ra omi iyọ̀ díríìpù, normal saline, lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹ tẹ ara síwájú, ẹ dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ la ẹnu, kí ẹ máa fi ẹnu mí, kí omi inú ike gba ihò òkè wọlé, kó gba ti ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ fọn imú jẹ́jẹ́. Ẹ fọ ike náà, kó gbẹ. Bí etí bá ń dùn yín, ẹ dá a dúró. Bí ibà bá dé, tí ọrùn le, tí orí ń fọ́ gan-an, ilé ìwòsàn ní kíá.

Ní ti ààwẹ̀, ohunkóhun tó bá jẹ́ omi, tó gba imú dé ọ̀fun, ti ba ààwẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ Imām Mālik. Ẹ̀yìn imú sì ṣí sí ọ̀fun, ó ṣòro kí omi odidi ike má kán síbẹ̀. Ẹ máa ṣe é lẹ́yìn ìṣínu, kí ẹ sì tún un ṣe kí àlùfàjárì tó yọ. Adùn iyọ̀ tí ẹ gbọ́ yẹn ti mú ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ ò ní kàfárà, ìyẹn ìtánràn, torí ohun tó gba ẹnu wọlé nìkan ni kàfárà wà fún, ẹ ò sì fi ojú kéré Ramadan. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ẹ máa san, ẹ lè pín wọn sí ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kí Ramadan tó ń bọ̀ ṣáà má bá a lọ́rùn yín.